Bí Ọ̀rọ̀ WhatsApp àti Álàátì Báńkì Ṣe Lè Dúró Níwájú Adájọ́

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ gba gbèsè ní kọ́ọ̀tù, ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí àti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ló máa kó lọ. Lónìí, fóònù nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé wọ ọ́fíìsì lọ́yà. Lọ́yà náà ti mọ̀: kó tó ṣí ìwé òfin kankan, "Ẹ jẹ́ kí n rí fóònù yín" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ibẹ̀ ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú fóònù kì í di ẹ̀rí kìkì nítorí pé ó wà níbẹ̀. Kọ́ọ̀tù kì í gba ẹ̀rọ gbọ́ lásán. Ènìyàn tó lè dúró, kó búra, kó sì sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ń wá.

Láti ọdún 1969, nínú ẹjọ́ Esso West Africa àti Oyegbola, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti sọ pé kò yẹ kí òfin di ojú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ó di ọdún 2011 kí Òfin Ẹ̀rí tó ní abala 84, tó sọ bí ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà ṣe máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀, èyí tó fi àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ kún un, tó sì gba ènìyàn láyè láti búra sí ìwé ìbúra lórí fídíò. Òfin yìí kan náà ló sọ pé ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń tọ́jú ìsọfúnni, tó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, kọ̀ǹpútà ni. Nítorí náà, Tecno tó wà lápò yín, kọ̀ǹpútà ni lójú òfin.

Màá fi àpẹẹrẹ kan ṣe gbogbo àlàyé yìí. Ká ní ẹ̀ ń ta léèsì ní Balógun, ní Èkó. Oníbàárà kan tó ń gbé ní Sùúrùlérè ra ọjà ₦480,000 lọ́wọ́ yín lórí WhatsApp. Ó fi ₦200,000 ránṣẹ́, ó ní òun á san ₦280,000 tó kù tí oṣù bá parí. Oṣù parí. Èkejì náà parí. Ó wá di pé ó ń ka message yín, kò sì dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọjọ́ tí ọjà ń lọ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀

Bí ìjà bá ti dé, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ náà lẹ ó máa lò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣẹ̀dá òmíràn. Nítorí náà, kí ọjà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi gbólóhùn tó pé ránṣẹ́. Irú èyí:

"Ẹ kú àmúṣe o, Mọ́mì. Léèsì yáàdì mẹ́wàá, ọ̀nà méjì, ₦480,000. Mo ti rí ₦200,000 gbà lónìí. Ó ku ₦280,000 tí ẹ ní ẹ ó san ní ìparí oṣù yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bí Mọ́mì bá dáhùn pé "Beeni, e se ma", ẹ ti ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Iye ọjà, iye tí wọ́n san, iye tó kù àti ọjọ́ tí wọ́n dá, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, ẹni tó jẹ gbèsè sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwa Yorùbá sábà máa ń kọ: "Mọ́mì, ẹ rántí nǹkan wa o." Nǹkan wo? Adájọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún oníbàárà ni kì í jẹ́ ká dárúkọ owó, àmọ́ ẹ lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn kẹ́ ẹ sì dárúkọ owó nínú gbólóhùn kan náà.

Bó bá jẹ́ pé orí ìpè lẹ ti sọ̀rọ̀, bí ẹ bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ lórí fóònù nísinsìnyí, ẹ ní ọjọ́ Jímọ̀..." Ẹ béèrè orúkọ wọn tó pé pẹ̀lú. "Ìyá Ìbejì Customer" tí ẹ fi pamọ́ sínú fóònù yín kò lè jẹ́jọ́.

Ẹ tún yẹ WhatsApp náà wò. Bí "Disappearing messages" bá wà ní títàn, ọ̀rọ̀ yín á máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90, èyí tí wọ́n bá yàn níbẹ̀. Ẹ pa á. Bí oníbàárà bá tún un tàn, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ọjà fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ìjà bá ti ń rú, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, títí kan èyí tí ẹ fi bú wọn. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. Àmọ́ fóònù tiwọn náà ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yẹn. Bí lọ́yà wọn bá gbé e jáde, tí tiyín kò sì ní in, ohun tí adájọ́ máa rò ni pé ẹ ti ṣa ohun tó wù yín mú. Bí ẹ bá lo "Delete for everyone" nísinsìnyí, àmì pé ẹ ti pa nǹkan rẹ́ á ṣì hàn níbẹ̀, èyí sì burú ju èébú lọ. Bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n ń pa tiwọn rẹ́, ẹ tètè ya àwòrán ohun tó ṣẹ́ kù, àti àwọn àmì "This message was deleted" yẹn pẹ̀lú.

Ẹ ṣe backup sórí Google Drive tàbí iCloud. Ẹ má tíì pààrọ̀ fóònù, ẹ má sì fún ọmọ yín ní èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ má gbé àwòrán ajigbèsè sórí Facebook tàbí status. Gbèsè tí ẹ fẹ́ gbà lè wá di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí ẹ̀yin máa jẹ́. Ẹ má sì sáré gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Gbèsè kì í ṣe olè, bó ti wù kó dun ni tó.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe, pàápàá nínú ẹjọ́ tọkọtaya: wọ́n á gbé fóònù ẹnì kejì nígbà tó bá sùn, wọ́n á fi ìka rẹ̀ ṣí i, wọ́n á ya gbogbo inú rẹ̀. Abala 14 nínú Òfin Ẹ̀rí gba adájọ́ láyè láti wo ọ̀nà tí ẹ gbà rí ẹ̀rí, kó sì ti irú rẹ̀ sẹ́yìn bó bá rí i pé aburú tó wà nínú gbígbà á wọlé ju oore rẹ̀ lọ. Inú fóònù tiyín ni kí ẹ ti wá ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà jáde bó ṣe yẹ

Screenshot kan ṣoṣo tí wọ́n ti gé lókè gé nísàlẹ̀, tí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ "Mọ́mì Léèsì", kò wúlò púpọ̀. Ohun tí lọ́yà ẹnì kejì máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́ sórí nọ́ńbà èyíkéyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ tẹ orúkọ tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà kí nọ́ńbà fóònù lè jáde, kẹ́ ẹ ya ojú ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjà yẹn, ẹ máa yà á ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ìlà tó kẹ́yìn nínú àwòrán kan jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ àti àkókò gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ má fi pẹ́ẹ̀nì pupa yí nǹkan ká lórí àwòrán, ẹ má sì fi "ẹ wò ó níbí" sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lódindi. Lórí Android, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ẹni náà, ẹ tẹ ààmì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan "More", lẹ́yìn náà "Export chat". Lórí iPhone, ẹ tẹ orúkọ ẹni náà, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí "Export chat" níbẹ̀. Ẹ yan èyí tó ní àwòrán àti voice note nínú, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí email ara yín. Bí ẹnì kejì bá ti tan "Advanced chat privacy", kò ní gbà kí ẹ yọ ọ́ báyìí. Screenshot lẹ ó máa lò nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé fáìlì tí Export ń gbé jáde, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kó tún un kọ. Ìdí nìyí tí fóònù gan-an, screenshot àti fáìlì fi gbọ́dọ̀ jọ rìn pọ̀, kí ọ̀kan máa ti èkejì lẹ́yìn.

Ẹ má yọ emoji kúrò o. Ní ọdún 2023, kọ́ọ̀tù kan ní Saskatchewan, ní Kánádà, dá a lẹ́jọ́ pé emoji àtàǹpàkò tí àgbẹ̀ kan fi dáhùn sí ìwé àdéhùn irúgbìn flax dọ́gba pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Ó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà tí wọ́n ní kó san. Ìdájọ́ ibẹ̀ kò de adájọ́ tiwa, àmọ́ lọ́yà yín lè tọ́ka sí i, bí emoji náà bá ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti voice note, ẹ dá a kọ sí flash, ẹ má sì gbé e kúrò nínú fóònù. Ẹ tún gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gangan, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ti báńkì

Álàátì nìkan kò tó. Gbogbo wa la mọ̀ nípa fake alert, adájọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí báńkì, ẹ gba statement account láti oṣù tí ọjà bẹ̀rẹ̀ títí dòní, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí òṣìṣẹ́ wọn sì fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún wọn pé kọ́ọ̀tù lẹ fẹ́ lò ó fún, kí wọ́n fi ìwé ìjẹ́rìí abala 84, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbé e jáde, kún un. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin ní báńkì mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ẹni tó wà lórí káńtà lè má mọ̀, kẹ́ ẹ má bá a jà. Orúkọ tó jáde nígbà tí ₦200,000 wọlé ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lórí statement yẹn, torí orúkọ tí báńkì mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, ó sì ti so owó mọ́ ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀rọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ di Gẹ̀ẹ́sì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tiwa ti ń ṣubú nìyí, àwọn tó ń kọ nípa tẹknọ́lọ́jì àti òfin kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá yọwọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́. Ní ọdún 2001, nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwé tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ kò wúlò fún kọ́ọ̀tù àfi tí ẹlẹ́rìí tó gbọ́ èdè náà tàbí ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù bá túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, kó gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú voice note yẹn yékéyéké, kó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé ìtumọ̀ wá, bí ẹni tí kò mú nǹkan kan wá lẹ rí.

Ẹ wo irú Yorùbá tí a ń kọ lórí fóònù wàyí:

"E ma binu ma, oja o lo dada ni. Ma san 100k to ba di friday, eyi to ku after ileya"

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. "Ma" tó wà níwájú "binu" àti èyí tó wà níwájú "san" kì í ṣe ọ̀kan náà, "ma" ti Gẹ̀ẹ́sì tún wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ń sáré túmọ̀ lè sọ pé oníbàárà ní òun kò ní san, tàbí pé ẹ̀yin lẹ ní kó má san. Nítorí náà, ẹ má gbé e fún ọmọ yín tó wà ní yunifásítì kẹ́ ẹ sọ pé ó ti tán. Ẹ wá ẹni tó lè wá dúró ní kọ́ọ̀tù kó sọ pé òun ni òun túmọ̀ rẹ̀, kó sì ṣàlàyé ìdí tó fi túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀: olùkọ́ Yorùbá, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka èdè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tàbí ògbufọ̀ tí kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ mọ̀. Kó pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ bó ṣe wà lójú fóònù láì tún un ṣe, Yorùbá tó ní àmì, àti Gẹ̀ẹ́sì. "After ileya" gan-an ní ìṣòro tirẹ̀. Kí wọ́n fi ọjọ́ tí Iléyá bọ́ sí lọ́dún yẹn sí i, torí adájọ́ nílò ọjọ́ tí gbèsè pé.

Òwe àti ègún pẹ̀lú, kí wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní "ẹni bá ní kí n má jẹun, èmi náà ò ní jẹ́ kó sùn", kí ẹ má fi pamọ́ torí pé ó jọ ìhàlẹ̀. Kọ́ọ̀tù ló máa sọ ohun tó jọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé ìjẹ́rìí abala 84

Lẹ́yìn ìbò gómìnà Bayelsa lọ́dún 2012, àwọn tó pe Dickson, ẹni tó wọlé, lẹ́jọ́ gbé ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá: ìròyìn láti ojú ìwé Punch, àti orúkọ àwọn olùdíje láti ojú ìwé INEC. Lọ́yà ló kàn dìde tó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí kankan kò sọ bí wọ́n ṣe yọ wọ́n jáde, ìwé ìjẹ́rìí kankan kò sì tẹ̀ lé wọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kò ṣeé gbà wọlé. Láti ìgbà náà, kò sí lọ́yà tí kò mọ ẹjọ́ Kubor àti Dickson, bí kò bá tiẹ̀ rántí nǹkan mìíràn nípa ẹ̀rí orí ẹ̀rọ.

Ohun mẹ́rin ni abala 84 ń béèrè. Ìkíní, pé ẹ̀rọ tó gbé ìwé náà jáde jẹ́ èyí tí ẹ̀ ń lò déédéé fún iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe déédéé lásìkò yẹn. Ìkejì, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìkẹta, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí bó bá bàjẹ́ rí, pé bíbàjẹ́ rẹ̀ kò kan ohun tó gbé jáde. Ìkẹrin, pé inú ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ orí ìwé náà ti wá.

Fún oníléèsì wa, báyìí ni yóò ṣe rí lórí ìwé, bí a bá fi Yorùbá sọ ọ́ kí lọ́yà tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì: Èmi ni mo ni fóònù yìí (irú rẹ̀, nọ́ńbà IMEI tó dá a yàtọ̀ sí fóònù mìíràn). Òun ni mo fi ń tajà láti oṣù báyìí ọdún báyìí. Mo ń gba àṣẹ ọjà, mo sì ń fi iye owó ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ báyìí, mo ya àwòrán ojú ìwé tó tó báyìí, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí email mi, a ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà báyìí, a sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé báyìí tẹ̀ wọ́n jáde. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Lẹ́yìn náà, orúkọ, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé.

Kẹ́ ẹ lè rí nọ́ńbà IMEI, ẹ tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn, yóò jáde. Òfin gbà kí ẹ sọ ọ́ débi tí ìmọ̀ yín mọ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jẹ́ ẹlẹ́ńjìníà.

Ta ni kó fọwọ́ sí i? Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe. Ẹ̀yin ni, ní ti fóònù. Ní ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó di ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin kan ní business centre lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló bá yín tẹ̀ ẹ́, níbo lẹ ó ti rí i lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ́fíìsì lọ́yà ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kí akọ̀wé ibẹ̀ sì fọwọ́ sí apá tirẹ̀. Kó má jẹ́ lọ́yà tó máa rojọ́ fún yín ló fọwọ́ sí i, torí kò yẹ kí ẹnì kan náà jẹ́ agbẹjọ́rò àti ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo.

Nínú ẹjọ́ Dickson àti Sylva lọ́dún 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣàlàyé pé ẹ lè fi ẹnu jẹ́rìí sí ohun mẹ́rin yẹn, ẹ sì lè lo ìwé ìjẹ́rìí. Èmi ní tèmi, méjèèjì ni mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn ṣe. Ìwé kì í gbàgbé nígbà tí ẹ̀rù bá bà yín lórí ìdúró ẹlẹ́rìí, ẹnu yín sì lè dáhùn ohun tí ìwé kò rántí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ pẹjọ́ níbi tó yẹ

Ní Èkó, gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ, tí iye rẹ̀ sì dájú, Kọ́ọ̀tù Small Claims ló ń gbọ́ ọ. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2018 lábẹ́ kọ́ọ̀tù Májísíréètì, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti dá tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. ₦280,000 oníléèsì bọ́ sí ibẹ̀ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè gbèsè ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù SCA 1 ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá san, ẹ gba fọ́ọ̀mù SCA 2 fún ẹ̀sùn. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láì gba lọ́yà. Ìlànà rẹ̀ sọ pé láàárín ọjọ́ 60 ni ẹjọ́ gbọ́dọ̀ parí. Ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, síbẹ̀ ó sàn ju ọ̀nà ilé ẹjọ́ gíga lọ fíìfíì. Ẹ má jókòó tì í: ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún yín láti pẹjọ́ lórí àdéhùn, kò sì gba àforíjì lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ má jẹ́ kí ChatGPT rojọ́ fún yín

Ẹ lè lo ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti to àwọn ọjọ́ àti iye owó yín lẹ́sẹẹsẹ, kò sí aburú ńbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó wá ẹjọ́ tó ti wà rí fún yín, ó lè ṣẹ̀dá èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí, kó fún un ní orúkọ, ọdún àti nọ́ńbà, kó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Ní New York lọ́dún 2023, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Avianca, àwọn lọ́yà kó irú ẹjọ́ àfẹnuṣe bẹ́ẹ̀ síwájú adájọ́, ó sì bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Lọ́yà ni wọ́n o, kì í ṣe oníṣòwò. Nàìjíríà kò ṣàìní ibi tí ènìyàn ti lè wá ẹjọ́ tòótọ́: Nigerian Weekly Law Reports tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, àti LawPavilion tí àwọn lọ́yà ń ṣí lórí fóònù. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹjọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ní kí lọ́yà yín wá a jáde níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjọ́ ìgbẹ́jọ́

Ẹ gbé fóònù náà dání, kó ní iná. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣí i níwájú adájọ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè mẹ́ta tí kì í yẹ̀: pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tàwọn, pé ọmọ wọn ló wà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, àti pé ẹ ti fi ẹ̀rọ tún àwòrán ṣe. Orúkọ orí statement báńkì ló ń dáhùn ìkíní. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, voice note wọn àti àwọn ọjà tí wọ́n ti san owó rẹ̀ nígbà kan rí lórí nọ́ńbà kan náà ló ń dáhùn ìkejì. Ìkẹta, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ló máa dáhùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè kan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá ní orí Zoom ni ìgbẹ́jọ́ máa wáyé, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà kòrónà, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìkẹjà dá ẹjọ́ ikú lórí Zoom, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fárí gá. Ní oṣù keje ọdún náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ẹ wá yàrá tó dákẹ́, ẹ ra data tó tó, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì yín tó ń sọ ohun tí ẹ máa wí. Adájọ́ máa ń ní kí ẹ yí kámẹ́rà ká yàrá.

Lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ má tíì gbé fóònù yẹn lọ sí Computer Village láti fi pààrọ̀. Ẹnì kejì ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì lè di ìgbà tí ẹ ó padà sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n tó fi agbára òfin gba owó náà. Ẹ dúró dìgbà tí ₦280,000 bá pé sínú account, tí ẹ sì ti rí i lórí statement.